Iná Kékeré Tí Ń Ṣọ́ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀



Kò sí ẹni tí ó gbé Èkó ní ìgbà òjò tí kò rí i rí. Òjò ńlá ti rọ̀ mọ́jú, àgbàrá ti gbá yanrìn àti ẹrẹ̀ jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìdúmọ̀tà, dáńfó kan sì ti kó èrò kún, ó fẹ́ gbéra. Awakọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí bí òòyì, ẹrẹ̀ ń ta sí àwọn aláṣọ funfun lára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Bí èèyàn bá yọjú wo aago eré tí ó wà níwájú awakọ̀ nígbà náà, yóò rí i nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti gòkè, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ti ń sáré lọ sí Òbáléndé. Aago náà kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ohun tí wọ́n ní kí ó máa kà ni bí ẹ̀rọ ti ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò bọ́ sílẹ̀, tí yóò wá òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpò ògbólógbòó, tí yóò tẹ́ ẹ sábẹ́ táyà, tí ọkọ̀ yóò sì lọ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti lílọ ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní yíyí lófo. Ní Ìdúmọ̀tà, ẹrẹ̀ lára aṣọ ni ó ń dá sílẹ̀, tàbí èébú díẹ̀. Níbi tí àwọn kan ti ń sáré ju máìlì 300 lọ ní wákàtí kan, ẹ̀mí ni ó ń gbà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí Èkó. Ní 1901 ni wọ́n ṣí afárá Carter láti Ìdó wọ erékùṣù Èkó. Ní 1902 ni ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, tí àwọn òyìnbó ń pè ní trámù, bẹ̀rẹ̀ sí gba orí afárá náà wọ inú ìlú. Agbára ooru omi gbígbóná ni ó fi ń rìn. Ìlà náà parí iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá ní 1933. Irin ni ẹsẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, irin náà ni ọ̀nà rẹ̀. Bí ìrì bá sẹ̀ tàbí tí òjò bá fọ́n díẹ̀, irin a máa yọ̀ lórí irin. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin fi ń ru yanrìn gbígbẹ nínú àpótí, tí awakọ̀ sì ń gba inú ọ̀pá kan dà á síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni ọmọ ẹ̀yìn dáńfó ń dá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni ń sọ fún awakọ̀ náà pé àkókò àti da yanrìn ti tó? Etí rẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì tí ooru omi ń tì a máa mí ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé. Bí ẹsẹ̀ bá ti yí lófo, ìmí náà a yára lójijì bí ti ẹni tí ẹ̀rù bà, awakọ̀ a sì mọ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tí ń fi epo dísù ṣe iná mànàmáná dé, etí nìkan kò tó mọ́. Awakọ̀ jókòó síwájú, ẹsẹ̀ tí ń yọ̀ lè wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mọ́tò iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ó ń yí àwọn ẹsẹ̀ náà. Nítorí náà àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí fi iná kékeré kan síwájú awakọ̀. Ẹ̀rọ a máa fi ìṣe mọ́tò kan wé ti èkejì; bí ọ̀kan bá ń yára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, iná náà a tàn, agbára a sì dínkù títí ẹsẹ̀ náà yóò fi di ojú irin mú padà. Gbogbo ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: fi ẹsẹ̀ kan wé èkejì, kí o sì sọ ohun tí o rí fún awakọ̀ kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí a rìn jìnnà díẹ̀ kúrò ní Èkó, kí a lọ sí ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ irú iná bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ eré. Ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, pápá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bonneville. Adágún omi ayé àtijọ́ ni, omi rẹ̀ gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ṣẹ́kù sílẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì funfun lọ títí ojú kò fi lè rí òpin rẹ̀. Irú rẹ̀ kan wà ní Australia tí wọ́n ń pè ní Lake Eyre. Lórí irú pápá bẹ́ẹ̀, awakọ̀ kì í bá ẹlòmíràn dupò lójú ọ̀nà. Aago ni ó ń bá jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ipò àkọ́kọ́ ní ayé yóò sáré lọ, yóò tún sáré bọ̀, wọn yóò sì fi méjèèjì ṣírò ẹyọ kan. Ẹni tí ó fẹ́ràn àwàdà lè sọ pé kò yà òun lẹ́nu pé orí iyọ̀ ni wọ́n ti ń yọ̀.

Ní oṣù September 1960, Donald Campbell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọkọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Bluebird wá sí Bonneville. Ẹ́ńjìnnì irú ti ọkọ̀ òfuurufú ni ó wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ̀rọ sì ń yí. Bí ó ti ń fi agbára kún un nígbà tí eré rẹ̀ ti kọjá máìlì 300 ní wákàtí kan, ọkọ̀ náà yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà, ó fò sókè, ó sì fọ́ yángá. Agbárí Campbell sán, ṣùgbọ́n kò kú. Wọ́n tún ọkọ̀ náà kọ́, ó sì gbé e lọ sí Lake Eyre. Òjò ti sọ iyọ̀ ibẹ̀ di rírin. Táyà ń gé e, ó ń fi ipa jíjìn sílẹ̀. Síbẹ̀ ní July 17, 1964, ó sáré máìlì 403.1 ní wákàtí kan. Kí ọdún tí ó tẹ̀ lé e tó parí, ní November 12, 1965, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bob Summers, fi ọkọ̀ tí òun àti arákùnrin rẹ̀ kọ́, tí wọ́n sọ ní Goldenrod, sáré máìlì 409.277 ní Bonneville.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣebí àwọn mìíràn ti sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ní October 15, 1997, Andy Green sáré máìlì 763 ní wákàtí kan nínú ọkọ̀ ThrustSSC ní ìpínlẹ̀ Nevada. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ni ó ń ti ọkọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ń tú jáde lẹ́yìn ni agbára rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń bá ilẹ̀ yí ni, ẹ̀rọ kò yí i, nítorí náà kò lè yí lófo bí ti dáńfó. Ọ̀rọ̀ wa kan àwọn tí táyà wọn ni ó gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀ sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó lọ síwájú. Gbogbo wọn kọ́ ni olówó pẹ̀lú. Burt Munro, ará New Zealand, jẹ́ ẹni ọdún 68 ní 1967 nígbà tí ó gun alùpùpù Indian tí wọ́n ti ṣe láti 1920, tí ó sì fi sáré ju máìlì 183 lọ ní wákàtí kan ní Bonneville. Fúnra rẹ̀ ni ó rọ písítìnì rẹ̀ nílé.

Kí ni ìdí tí awakọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi nílò iná? Máìlì 300 ní wákàtí kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Bí awakọ̀ bá tẹrí wo aago fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá, ó ti sá ẹsẹ̀ bàtà 220 láì wo iwájú. Ariwo ẹ́ńjìnnì ti di í létí, akoto bo orí rẹ̀, ìjókòó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè ti máa yí lófo kí ó má mọ̀, àfi ìgbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí wá iwájú, nígbà tí ọwọ́ kò sì lè ká a mọ́. Aago ń béèrè pé kí a kà á. Iná kò béèrè ohunkóhun. Ẹ̀gbẹ́ ojú ti rí i kí èèyàn tó ronú.

Bí wọ́n ti ń kọ́ ọ nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ni. Púpọ̀ nínú ohun tí ó gbà ni ó wà ní ọjà Ládipọ̀ ní Múṣin, lára àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ní bíréèkì ABS, òrùka irin eléyín kan wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú kékeré kan sì wà tí ó dojú kọ àwọn eyín náà. Òòfà wà nínú ojú yìí. Bí eyín kan bá ti kọjá níwájú rẹ̀, iná mànàmáná díẹ̀ a ta nínú wáyà. Ẹni tí ó bá lè ka títa wọ̀nyí ti mọ bí ẹsẹ̀ náà ti ń yára tó. Ojú mìíràn wà tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wo àmì funfun lára ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó dára nínú ilé, ṣùgbọ́n iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú a máa bò ó mọ́lẹ̀ lórí pápá. Nítorí náà, òòfà ni ó yẹ kí ó ṣọ́ ẹsẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa bá awakọ̀ sọ̀rọ̀.

Wọn yóò fi ojú kan síbi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ẹ̀rọ ń yí, wọn yóò fi èkejì síbi ẹsẹ̀ iwájú tí ẹ̀rọ kò fọwọ́ kàn. Ẹsẹ̀ iwájú yìí ni ẹlẹ́rìí. Ilẹ̀ nìkan ni ó ń yí i, kò sì ní ìdí láti purọ́. Ọkọ̀ bíi Bluebird, tí ẹ̀rọ ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni yóò sì wá. Wáyà méjèèjì yóò wọ inú kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ sí Arduino. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó fi iye kan wé èkejì, kí ó sì tan iná tí ó yẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n rò pé ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ yí ní iye kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní àyíká táyà iwájú jẹ́ ínṣì 80, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ ínṣì 88. Nígbà tí ẹ̀yìn bá yí ní ìgbà 100, iwájú yóò ti yí ní ìgbà 110, ọkọ̀ kò sì yọ̀ rárá. Bí iwájú bá yí ní 110 tí ẹ̀yìn sì yí ní 105, nígbà náà ni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ lófo. Nítorí náà, kí awakọ̀ jókòó sínú ọkọ̀, nítorí pé ìwọ̀n ara rẹ̀ ń tẹ táyà mọ́lẹ̀. Kí wọ́n fi ẹfun sàmì sí táyà, kí wọ́n fi ọwọ́ ti ọkọ̀ náà lójú ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n sì ka yíyí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìṣòro mìíràn tún kù. Táyà tí ń yí kíkankíkan a máa wú, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í sì í wú bákan náà. Kí awakọ̀ sáré dé ìwọ̀n kan, kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ̀rọ má lè yí ẹsẹ̀ mọ́, kí kọ̀ǹpútà sì kọ iye méjèèjì sílẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń rọra lọ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe èyí ní oríṣiríṣi eré, wọn yóò mọ ohun tí ó jẹ́ òótọ́ fún ọkọ̀ náà.

Kí a tún wo kíkà fúnra rẹ̀. Lórí máìlì 300, táyà oní-ínṣì 88 ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ òòfà kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni ojú yóò rí i. Bí ó bá ṣi ẹyọ kan kà, àṣìṣe náà ti ju mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, iná yóò sì máa tàn lásán. Nítorí náà ni òrùka eléyín fi dára ju òòfà kan lọ; ó sì sàn jù kí kọ̀ǹpútà máa wọn àkókò tí ó wà láàrin eyín kan àti èkejì. Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé gọ́ọ̀mù. Òòfà tí ó wọn gíráàmù 10 péré, tí ó jìnnà sí àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní ínṣì 6, yóò máa fa ara rẹ̀ síta lórí eré yẹn bí ẹrù kílò 22. Bí ó bá já, ó di ọta ìbọn.

Iná mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè àti pupa. Kí ẹnikẹ́ni má fi ti pupa sí orí òdo, nítorí pé táyà rọ́bà tí ń ti ọkọ̀ a máa yọ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo; bí iná bá pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, awakọ̀ kò ní kà á sí mọ́. Ẹnìkan lè fi ìyeyè sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì fi pupa sí mẹ́wàá, kí ó tó wá tún un ṣe bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti kọ́ ọ. Gílóòbù LED ni kí wọ́n lò. Gílóòbù àtijọ́ ní láti gbóná kí ó tó tàn, gbígbọ̀n sì ń já wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Òkè pátákó iwájú, níbi tí ojú ti ń wo ọ̀nà, ni kí wọ́n gbé e sí, nínú ọ̀pá dúdú kúkúrú, nítorí pé iyọ̀ funfun a máa ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú awakọ̀ débi pé iná lásán kò ní hàn.

Èyí tí ó léwu jù ni iná tí ó ti kú tí kò sì sọ pé òun ti kú. Bí wáyà ẹsẹ̀ iwájú bá já, kọ̀ǹpútà yóò rò pé ọkọ̀ dúró, pupa yóò sì tàn. Ìyẹn kò burú, yóò dá awakọ̀ dúró. Bí ti ẹ̀yìn bá já ńkọ́? Kọ̀ǹpútà kò ní rí yíyí kankan, iná kò ní tàn láéláé, awakọ̀ yóò sì rò pé àlàáfíà ni. Nítorí náà, kí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàn nígbà tí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ, kí awakọ̀ fi ojú rí wọn. Bí ìkan nínú ojú méjèèjì bá sì dákẹ́ nígbà tí èkejì ń sọ̀rọ̀, kí gbogbo iná máa ṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá fi èyí sí i, ó sàn kí ó má kọ́ ọ rárá.

Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ọkọ̀ eré lè fi kẹ̀kẹ́ ológeere dán an wò. Kí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí ẹnìkan máa fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ iwájú, kí èkejì máa fi pẹ́dà yí ti ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n bá ń yí ní ìwọ̀n kan náà, iná aláwọ̀ ewé ni yóò máa tàn. Kí ẹni ẹ̀yìn wá yára díẹ̀. Bí iná bá pupa kí ẹni tí ń wòran tó fi ojú mọ ìyàtọ̀, iṣẹ́ náà ti ń bọ̀ sójú ọ̀nà.

Ní ti awakọ̀, nígbà tí pupa bá tàn, kí ó rọra dín ẹsẹ̀ rẹ̀ kù. Kí ó má gbé e kúrò lójijì, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí a já agbára rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà a máa fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn, ìyẹn náà sì lè mú kí ọkọ̀ yọ̀.

Irú iná yìí sì ti wà ní Èkó láìsí pé ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n. Láti September 4, 2023, ọkọ̀ ojú irin ń kó èrò láti Mile 2 gba orí omi wá sí Marina, àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí trámù ti parí. Irin lórí irin náà ni, òjò náà sì ni. Àwọn ọkọ̀ ojú irin òde òní ní ẹ̀rọ tí ń fi ẹsẹ̀ kan wé èkejì, tí ń dín agbára kù kí awakọ̀ tó sọ̀rọ̀.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti tòkunbọ̀. Níwájú ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ń gba afárá Carter, afárá Èkó tàbí afárá Third Mainland lójoojúmọ́, àwòrán kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan wà: ọkọ̀ kan, pẹ̀lú ipa táyà méjì tí ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí òjò ń rọ̀, kì í ṣe pé ọkọ̀ ti bàjẹ́. Táyà ni ó ń yọ̀, ẹ̀rọ sì ń gbìyànjú láti dì í mú. Kí awakọ̀ dín eré kù lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, tí kò sì kú, ẹnìkan ti pa ẹ̀rọ náà, tàbí ó ti ní àbùkù, ọkọ̀ náà kò sì ní olùṣọ́ mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Àwọn kan wà tí wọ́n ń lẹ bébà mọ́ iná yìí kí ẹni tí yóò ra ọkọ̀ má bàa rí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ó ṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó wò ó bóyá iná náà yóò tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí ó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, kí ó béèrè ìdí lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á kí ó tó ka owó sílẹ̀.